Ìtumọ̀ Kátámaráànì ní Abúlé Ọdúntán

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé abúlé Ọdúntán lónìí. Láti Ifẹ̀wàrà, ọ̀kadà tó gbé mi wá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń wà á ní kí n dúpẹ́, pé ó sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Odò kún. Afárá onígi tí ọ̀rẹ́ mi Ìbùkúnolúwa máa ń fi fọ́tò rẹ̀ yangàn nígbà tí a wà ní Pólì ti bá omi lọ láti oṣù Keje. Òpó méjì ló ṣẹ́kù, lékèélékèé ló sì ń lò wọ́n. Gbogbo kòkó abúlé yìí wà ní òdì kejì odò, ó sì ti ń pọ́n. Bí wọn ò bá rí i ká kí òjò tó sọ ọ́ di dúdú lórí igi, ọdún yìí ti lọ nìyẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí nìyẹn. Àwọn ọmọ abúlé tó wà lókè òkun ti dáwó jọ, wọ́n sì fi fọ́tò ọkọ̀ ojú omi kan ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ọkọ̀ funfun ni, ó ní ara méjì lábẹ́, pẹpẹ kan ló so wọ́n pọ̀ lókè. Òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń mu ọtí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: Kátámaráànì.

Bàbá Ọdúntán, tó jẹ́ baálé abúlé àti bàbá Ìbùkún, bi mí bóyá mo lè ṣe irú rẹ̀. Mo ní mo lè ṣe gbogbo rẹ̀, àyàfi òyìnbó. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òyìnbó kò pọn dandan.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ̀ igi méjì tí a rà lọ́wọ́ àwọn apẹja dé lónìí. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀. Kí n tó fi téèpù wọ̀n wọ́n, àwọn obìnrin abúlé ti sọ wọ́n ní orúkọ: èyí tó kúrú ni Táyé, èyí tó gùn ni Kẹ́hìndé. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá kun ọ̀kan lọ́dà, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn má ṣú kí n tó kun èkejì.

Ọmọ Òṣogbo ni mo jẹ́ níbí o. Wọ́n ń pe ilé ní ulé. Èmi ń pè é ní ilé. A jọ ń sùn nínú rẹ̀.

Màámi pè láti Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ odò wẹ̀. Mo ní mo ti ń kọ́ ọ. Wọ́n ní láti ìgbà wo? Mo ní láti ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Kò sí iná láti ọjọ́ tí mo ti dé, ọwọ́ ni mo fi ń lu gbogbo ihò tí bóòtù, irin onínọ́ọ̀tì tí a fi ń de igi, máa gbà kọjá. Mo fẹ́ fi irin dè wọ́n pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Pólì ò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Obìnrin àgbàlagbà kan máa ń wá wo iṣẹ́ náà láàárọ̀. Ìyá Ọláfúnkẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìbùkún sọ fún mi pé odò yìí ló gbé ọkọ wọn, Bàbá Adéjọbí, lọ kí wọ́n tó kọ́ afárá. Inú ọkọ̀ ló wà, oko ló ń lọ. Láti ìgbà tí afárá ti lọ, Ìyá ò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi. Oko wọn ló sún mọ́ etí omi jù ní òdì kejì. Láti ibi tí mo ń gbé lu ihò, mo ń rí àwọn èso kòkó náà lára igi, wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìyá náà ń rí wọn. Mo rò pé àwọn ni wọ́n ń wá wò, kì í ṣe èmi.

Àwọn kan ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn bá wọn ká a bí ọkọ̀ bá délẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò gbìn ín kò mọ igi tí èèrà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ̀ parí. A na okùn láti ìdí igi arère tó wà lẹ́bàá wa dé ìdí ìrókò tó wà ní òdì kejì. Okùn yẹn ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á máa fà tí ọkọ̀ á fi máa lọ. Ó rọrùn débi pé ojú ń tì mí láti pè é ní iṣẹ́ ẹnjiníà.

Gbogbo abúlé jáde wá. Pásítọ̀ gbàdúrà, èmi náà ṣe Bísímílà lábẹ́lẹ̀. A ti fẹ́ tì í sómi nígbà tí Bàbá Ọdúntán na ọwọ́ sókè.

“Kí ni wọ́n ń pè é?”

Ìbùkún ní kátámaráànì.

“Kí ló túmọ̀ sí?”

Bàbá ní orúkọ ní í ro ọmọ, pé àwọn kò lè kó ara àwọn sínú ohun tí àwọn kò mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Gbogbo orí ṣe “bẹ́ẹ̀ ni”. Ìbùkún wo ojú mi. Pásítọ̀ wo ojú mi. Ewúrẹ́ kan pàápàá wo ojú mi. Wọ́n ò kọ́ wa ní èyí ní Pólì, n kò sì fẹ́ kí a tún dá ọkọ̀ náà padà sí ilẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo gbé ojú mi le, mo ní:

“Ohun tí kì í rì.”

Àtẹ́wọ́ ta. Bàbá ní èdè wo nìyẹn, mo ní èdè àwọn ará etí òkun. Láti ẹ̀yìn, Ìyá Ọláfúnkẹ́ ní: “Òkun wo?” Mo ní òkun tó jìnnà.

Gbogbo ènìyàn ló gùn ún lọ, tí wọ́n sì gùn ún bọ̀, títí kan Pásítọ̀. Ìyá Ọláfúnkẹ́ nìkan ni kò gùn ún.

Jímọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo kírun ní Ifẹ̀wàrà. Nígbà tí mo padà dé, mo bá Ìyá Ọláfúnkẹ́ níbi tí wọ́n lóṣòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi. Mo kí wọn. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan.

“Ọmọ òṣómàáló ni mí,” ni wọ́n wí. “Bàbá mi gbé aṣọ àwìn lórí kẹ̀kẹ́ dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ló máa lóṣòó sí títí á fi san án.”

“Ìyá, kí ni mo jẹ yín?”

“Ìtumọ̀.”

“Mo ti sọ ọ́ lánàá, mà.”

“O sọ nǹkan kan. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọkọ mi náà sọ pé kì í rì. Irú ojú tó fi sọ ọ́ ni ìwọ náà gbé sójú lánàá.”

Mo gbé àpótí mi. Wọ́n tẹ̀ lé mi, wọ́n sì tún lóṣòó síbi tí mo gbé e kalẹ̀ sí.

Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n tún lóṣòó. Wọ́n gbé ẹ̀pà sísè wá fún mi. Èyí tún wá burú jù.

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Kòkó ti ń wọlé. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo abúlé, àwọn ọmọdé ń lá omi ara rẹ̀. Iye tí wọ́n ń rà á ní Iléṣà ti já wálẹ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ, àmọ́ kò sí àgbẹ̀ tó máa bínú fi í sílẹ̀ lórí igi.

Ìṣòro mi ni Ògúnmọ́lá. Alágbàṣe ni, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀, nítorí pé òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Mo kó láífù jákẹ́ẹ̀tì fún un kí ó máa wọ̀ wọ́n fún àwọn tó bá ń gòkè odò. Lónìí mo bá a níbi tó gbé ọ̀kan rọrí, tó ń sùn. Mo ní èéṣe tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ wọ́n?

“Ẹnjiníà, ẹ má jẹ́ ká bú ọkọ̀ yìí. A ní kì í rì, ẹ tún ní ká wọ ẹ̀wù ẹni tó ń rì lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọkọ̀ náà, ṣé inú yín á dùn?”

Mo gbìyànjú láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ló dúró sí mi lọ́nà.

Jímọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò ńlá lánàá. Odò ń sáré.

Èmi gan-an ni mo rí i, mo sì máa kọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ń kó àpò kòkó bọ̀ láti òdì kejì. Nígbà tí ọkọ̀ dé àárín omi, mo rí i pé gbogbo àpò ló wà lórí Táyé, Ògúnmọ́lá nìkan ló jókòó sórí Kẹ́hìndé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé wá sáyé. Ta ló ń di ẹrù lé àgbà nígbà tí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún un wà níbẹ̀? Àwọn àgbà ló pa àṣẹ náà ní etí odò, gbogbo wọn sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà lórí bí a ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀, kò sí èyí tó kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bóòtù kan fa igi ya, òmíràn tẹ̀ lé e. Pẹpẹ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpò bọ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, Ògúnmọ́lá sì tẹ̀ lé wọn. Ó rì, ó yọ, ó tún rì. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ọláfúnkẹ́ dìde níbi tí wọ́n lóṣòó sí, wọ́n ń pe orúkọ kan. Kì í ṣe orúkọ Ògúnmọ́lá.

Orí kó o yọ. Ọwọ́ rẹ̀ ba okùn tí a nà sójú odò, a sì fà á débùúté. Ó pọ omi púpọ̀, ó wá jókòó, ó wo ọkọ̀ náà níbi tó gbé léfòó, tó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òfìfo Kẹ́hìndé kọjú sókè.

“Kò rì o,” ni ó wí. “Àwa la rì.”

Ṣé ẹ rí nǹkan? Ariwo ayọ̀ ni wọ́n pa. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá ní ìtumọ̀ orúkọ náà ti hàn sí gbogbo ayé. Ẹ̀rù ìyìn ò bà mí rí bíi ti òní.

Ìyá Ọláfúnkẹ́ ti lọ sílé. Láti ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò sí ẹni tó lóṣòó tì mí. Mo wò yíká, mo ń wá wọn.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án. Òṣogbo

Mo wá ra bóòtù tó nípọn sí i. Ní Òkè Fia, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta okùn, dúrọ́ọ̀mù àti tapólínì. Ará Íńdíà ni ọ̀gá tó ń bójú tó o, Ọ̀gbẹ́ni Sẹlifamu. Ó ti pẹ́ ní Òṣogbo débi pé ó ń fi Yorùbá ná ọjà, Yorùbá tí kò ní àmì ohùn kankan lórí, ṣùgbọ́n tí kì í ṣìnà bó bá kan iye ọjà.

Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi bóòtù ṣe. Mo fi fọ́tò òyìnbó ọlọ́tí náà hàn án, mo ní kátámaráànì ni. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé kàlòkúlétọ̀ sílẹ̀.

Ó ní èdè òun ni ọ̀rọ̀ yẹn. Támílì ni wọ́n ń sọ ní etí òkun ibi tí wọ́n bí òun sí. Káttù ni kí a so nǹkan. Máràmù ni igi. Bí wọ́n bá kan ara wọn, igi tí a so pọ̀ ni. Bàbá bàbá òun fi irú rẹ̀ pẹja títí ó fi darúgbó.

“Ìyẹn nìkan?” ni mo wí. “Igi tí a so pọ̀?”

“Ìyẹn nìkan.”

Mo ní ara mélòó ni tiwọn ní, ó ní kò ní ara kankan. Ìtì igi lásán ni, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, okùn ló sọ wọ́n di ọkọ̀. Àwọn òyìnbó tó wá ṣòwò ní etí òkun wọn ló gbọ́ orúkọ náà ní ayé àtijọ́, wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọkọ̀ alára-méjì ní erékùṣù àwọn ẹlòmíràn, ní òkun mìíràn tó jìnnà gan-an, wọ́n fi orúkọ náà pè é. Mo ronú sí i nínú mọ́tò. Ẹni tó ni orúkọ kò ni ọkọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò ni orúkọ. Òyìnbó tí kò ni èyíkéyìí nínú méjèèjì ló dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ tó ń mu ọtí.

Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Sẹlifamu bóyá tiwọn máa ń rì.

“Okùn tó bá já, ẹja lo máa bá sùn,” ni ó wí. Ó ní ìdí nìyẹn tí bàbá bàbá òun fi máa ń tú u palẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí igi lè gbẹ, tí á tún so ó láàárọ̀. Ẹni tó bá máa gùn ún ló máa ń so ó. Wọn kì í bá ẹlòmíràn so ó.

N kò ra bóòtù mọ́. Okùn ni mo rà. Ó wọ́n ju bóòtù lọ, ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tó fi fi sùúrù sọ ìtàn fún mi.

Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án. Òkè-Baálẹ̀

Mo sọ fún Màámi ohun tí mo ṣe. Mo ní mo fẹ́ kí Ìbùkún bá mi ṣàlàyé fún àwọn ará abúlé. Wọ́n ń ká aṣọ, wọn ò gbójú sókè.

“Ṣé Ìbùkún lo rán níjọ́ tó o ń parọ́ ọ̀hún?”

Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Àyájọ́ òmìnira. Ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn sinmi. Kòkó kò gbọ́.

Mo bẹ Bàbá Ọdúntán pé kí wọ́n pe abúlé jọ. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ láìfi àwàdà kankan sí i. Mo ní n kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà níjọ́ tí wọ́n bi mí, mo kàn hun ún ni. Mo ní igi tí a so pọ̀ ló túmọ̀ sí, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kì í rì, àti pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an máa ń rì bí okùn bá já.

Mo ń gbọ́ omi.

Ògúnmọ́lá ló kọ́kọ́ fọhùn. “Ẹnjiníà, ṣé mo lè kú níjọ́sí?”

“O lè kú.”

Ó jókòó. Ó ronú díẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí. Ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ó dì í, ó tún jókòó.

Inú Bàbá ò dùn. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n rán lọ sílé ìwé kì í fi irọ́ sọ ọmọ àwọn lórúkọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Pásítọ̀ ní igi tí a so pọ̀ kì í ṣe orúkọ tó wú ni lórí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn kò ní gùn ún mọ́. Mo rò pé mo ti ba ọkọ̀ jẹ́, mo sì ti ba kòkó ọdún kan jẹ́.

Ìyá Ọláfúnkẹ́ dìde.

“Ta ló so ó?”

Mo ní èmi ni, mà.

“Kí lo fi so ó?”

“Irin.”

“Kò tíì jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyẹn.” Wọ́n kọjú sí àwọn tó kù. “Ohun tó bá ní òun kì í rì, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ló pa ọkọ mi. Ohun tí a so, ojoojúmọ́ là ń fọwọ́ kàn án ká mọ̀ bóyá ó ti tú. Èyí ni mo lè gùn.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní mo ti san án.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo yọ gbogbo irin. Okùn ló so Táyé mọ́ Kẹ́hìndé báyìí, níwájú àti lẹ́yìn. Bí omi bá gbé ọ̀kan sókè, okùn á fún èkejì láàyè díẹ̀, igi kò sì ya mọ́. Ó dun ẹni tó gba HND.

Bàbá Ọdúntán ti pa àṣẹ tuntun nípa ẹrù: ohun tí a bá fún Táyé la ó fún Kẹ́hìndé, ìbejì ni wọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá. N kò mẹ́nu kan ìdọ́gba ìwúwo. Àṣẹ Bàbá ti kó o já.

Mo sọ ti bàbá bàbá Sẹlifamu fún wọn, wọ́n sì gbà á: láàárọ̀, ẹni tó bá máa gòkè odò, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi ìso, nírọ̀lẹ́, a ó tú u kí igi gbẹ.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Oòrùn mú dáadáa. Omi ti fà díẹ̀.

Olúkúlùkù so tirẹ̀. Ìso Ògúnmọ́lá pariwo bíi ti ẹnu rẹ̀, mo tú u, mo ní kí ó tún un so. Ìyá Ọláfúnkẹ́ ló so kẹ́yìn. Wọ́n fẹsẹ̀ ti igi, wọ́n fa okùn, wọ́n yí i po lọ́nà kan tí n kò rí rí. Mo bi wọ́n, wọ́n ní bí bàbá àwọn ṣe ń di ẹrù aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà lọ nìyẹn.

Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì lórí bùbá wọn. Wọ́n wọ inú ọkọ̀. Wọ́n di ìso tiwọn mú títí a fi dé àárín omi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní “Adéjọbí, mo ń kọjá o,” pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń kí ará ilé tó jókòó síta. Ògúnmọ́lá dẹ́kun fífa okùn fún ìgbà díẹ̀, ó tún ń fà á lọ.

Apá kan kòkó wọn ti dúdú. Èyí tó kù pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n mọ gbogbo igi tí èèrà wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo tẹ èyí tí wọn ò tètè sọ.

Nírọ̀lẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Gbogbo ìso ló tú, àyàfi ti Ìyá. Mo fi ọwọ́ tú u, mo fi ṣúkúrúdíráfà, Ìbùkún fi eyín. Mo mú ọ̀bẹ, mo tún fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó kàn wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo bá Ìyá níbi tí wọ́n lóṣòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo ní Ìyá, kí ni mo tún jẹ yín? Wọ́n ní n kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo fa etí okùn náà, gbogbo rẹ̀ sì tú sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n na okùn náà sí mi.

“Ó yá. Ìwọ náà so tìrẹ, ká máa lọ.”